Oníbàárà Kò Sanwó Mọ́: Bí Lọ́yà Ṣe Lè Yọwọ́ Nínú Ẹjọ́ Láìkó Sí Wàhálà

Alẹ́ ọjọ́ Jímọ̀ ni. Bíìlì mẹ́ta ló wà níwájú fáìlì, oníbàárà kò dáhùn ìkankan nínú wọn, ilé ẹjọ́ sì máa jókòó lórí ọ̀rọ̀ náà láàárọ̀ ọjọ́ Ajé. Lọ́yà mú fóònù, ó tẹ àtẹ̀jíṣẹ́: “Mi ò ní lè yọjú lọ́jọ́ Ajé. Ẹ wá lọ́yà mìíràn.” Ó pa fóònù, ó lọ sùn.

Mo ti rí lọ́yà tó jàre lórí owó, tó sì jẹ̀bi lórí irú àtẹ̀jíṣẹ́ yìí. Òun ni wọ́n jẹ lówó, òun náà ni ìgbìmọ̀ ìbáwí ránṣẹ́ pè. Gbèsè nìkan kì í tú lọ́yà sílẹ̀. Ìkìlọ̀ tó dé ọwọ́ oníbàárà lásìkò ló ń tú u sílẹ̀, pẹ̀lú àṣẹ ilé ẹjọ́ níbi tí orúkọ rẹ̀ bá ti wọ inú ìwé ẹjọ́. Ẹni tó bá ṣe méjèèjì bó ti yẹ, ó ṣọ̀wọ́n kí wọ́n dá a dúró. Ẹni tó bá fo ọ̀kan, àwáwí ló máa fi ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e wá.

Lọ́yà tó ń dá ṣiṣẹ́, tí kò ní ọ̀gá tó lè bi léèrè nínú ọ́fíìsì, ni mo kọ èyí fún. Oníbàárà náà lè kà á, kò sí ohun tí mo fi pa mọ́ fún un níbẹ̀.

Ẹ kọ́kọ́ wo irú iṣẹ́ tó wà lọ́wọ́

Tó bá jẹ́ pé àdéhùn lẹ ń bá wọn kọ, tàbí ìwé ilẹ̀, tàbí ìmọ̀ràn lórí okòwò, tí ilé ẹjọ́ kò sí nínú rẹ̀ rárá, ọ̀rọ̀ náà kò ju àárín ẹ̀yin àti oníbàárà lọ. Ẹ kìlọ̀, ẹ fún un láyè tó tó, ẹ kọ lẹ́tà pé iṣẹ́ parí, ó tán. Kí ẹ ṣáà má fi í sílẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ tọwọ́ bọ̀wé.

Tí ẹ bá ti forúkọ sílẹ̀ nílé ẹjọ́ gẹ́gẹ́ bí agbẹjọ́rò rẹ̀, adájọ́ ti di ẹnì kẹta nínú ọ̀rọ̀ yín. Ó ti ya ọjọ́ sọ́tọ̀ fún ẹjọ́ náà, alátakò ti náwó, ẹlẹ́rìí ti tọrọ àyè níbi iṣẹ́. Títí adájọ́ fi máa ní kí ẹ máa lọ, ẹ̀yin ni wọ́n ṣì máa kó ìwé ẹjọ́ fún, ẹ̀yin náà lẹ máa dìde nígbà tí akọ̀wé bá pe ẹjọ́. Ọ̀nà àbùjá kan wà tí ọ̀pọ̀ máa ń gbàgbé: tí oníbàárà bá ti rí lọ́yà mìíràn, níbi púpọ̀, ìwé pàṣípààrọ̀ agbẹjọ́rò ti tó, láìsí pé ẹnikẹ́ni ń bẹ adájọ́. Torí náà, ìbéèrè àkọ́kọ́ tó yẹ kí ẹ bi oníbàárà ni pé, “Ṣé ẹ ti ní ẹni tó lè gbà á lọ́wọ́ mi?”

Ẹjọ́ ọ̀daràn ló le jù. Òmìnira ẹni ló wà lórí rẹ̀, adájọ́ kì í sì í fẹ́ kí olùjẹ́jọ́ dá dúró níwájú òun láìní agbẹjọ́rò nígbà tí ìgbẹ́jọ́ ti dé tán. Lọ́yà tó mọ iṣẹ́ yìí dáadáa máa ń gba owó rẹ̀ ní ìpele-ìpele kó tó wọ ìgbẹ́jọ́, nítorí ó mọ̀ pé tí òun bá ti wọlé, àtijáde kò sí lọ́wọ́ òun mọ́.

Kí ni òfin pè ní ìdí tó tọ́?

American Bar Association, ẹgbẹ́ àwọn lọ́yà ní Amẹ́ríkà, gba Model Rules rẹ̀, ìyẹn àwòṣe òfin ìwà àwọn lọ́yà, wọlé lọ́dún 1983, ìpínlẹ̀ tó pọ̀ jù ní Amẹ́ríkà ló sì gbé òfin ìwà àwọn lọ́yà tiwọn kalẹ̀ lórí rẹ̀. Èyí tó kàn wá ni abala 1.16(b)(5). Ohun tó sọ ni pé lọ́yà lè yọwọ́ tí oníbàárà bá kùnà gidigidi láti ṣe ojúṣe tó jẹ lọ́yà lórí iṣẹ́ náà, tí lọ́yà sì ti kìlọ̀ fún un tó pé òun máa yọwọ́ àyàfi tó bá ṣe ojúṣe náà. Ẹ tún un kà. Ìkùnà àti ìkìlọ̀ ni, ọ̀kan kò tó. Ìdí mìíràn wà ní (b)(6): tí iṣẹ́ náà bá ti di ẹrù owó tí kò bójú mu fún lọ́yà láti máa rù.

Ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹjọ́ àtijọ́ kan, Underwood, Son & Piper v Lewis ti ọdún 1894, ti fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé sọ̀lísítọ̀ (irú lọ́yà kan níbẹ̀) tó gba ẹjọ́ kò lè fi í sílẹ̀ láàárín ọ̀nà láìsí ìdí tó dára àti ìfitónilétí tó tó. Abala 65(2) nínú Solicitors Act ti 1974 wá sọ ìdí kan ní kedere: tí sọ̀lísítọ̀ bá ní kí oníbàárà san iye tó mọ níwọ̀n sílẹ̀ lórí ìnáwó ẹjọ́, tí oníbàárà kọ̀ tàbí tí kò san án láàárín àkókò tó yẹ, ìdí tó dára nìyẹn, kó ṣáà ti fún un ní ìfitónilétí tó tó.

Òfin ìwà àwọn lọ́yà ti Nàìjíríà tó jáde ní 2007, kí ti 2023 tó rọ́pò rẹ̀, ní ọ̀rọ̀ kan tí mo fẹ́ràn láti tọ́ka sí. Òfin 21 níbẹ̀ kọ́kọ́ sọ pé lọ́yà kò gbọdọ̀ pa iṣẹ́ tó ti gbà tì láìsí ìdí tó dára. Nígbà tó wá ń ka àwọn ìdí náà, ó dárúkọ oníbàárà tó *mọ̀ọ́mọ̀* kọtí ikún sí àdéhùn tàbí ojúṣe rẹ̀ lórí owó iṣẹ́ àti ìnáwó. Ẹ má fo “mọ̀ọ́mọ̀” yẹn. Ẹni tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, tó pè yín, tó ní kí ẹ jọ̀ọ́ kí òun máa san án díẹ̀díẹ̀, kò kọtí ikún. Ẹni tó ń sọ lójoojúmọ́ pé owó ti wà ní báńkì, tí kò sì jẹ́ wọlé, ìyẹn ti kọtí ikún dáadáa.

Kí ni “gidigidi”? Kò sí iye tí wọ́n kọ sílẹ̀. Lójú tèmi, tí oníbàárà bá ti san èyí tó pọ̀, tó wá ku èérún, ẹ má gbé e lọ síwájú adájọ́, ojú á tì yín. Tí bíìlì méjì tàbí mẹ́ta bá ti kọjá ọjọ́ wọn pátápátá, tí àdéhùn yín sì sọ ọjọ́ tó yẹ kí wọ́n san án, ọ̀rọ̀ yín ti ní ẹsẹ̀.

Ẹ yẹ ara yín wò kí ẹ tó kọ lẹ́tà

Agbẹjọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni, tiyín náà wà nínú rẹ̀. Ìgbà kan wà tí mo bínú sí oníbàárà kan fún bí oṣù méjì. Mi ò pè é, mo kàn ń kùn nínú ọ́fíìsì. Nígbà tí mo wá ṣí ìwé àdéhùn wa láti kọ lẹ́tà ìkìlọ̀, mo rí i ní ojú ìwé kejì, ní ọwọ́ ìkọ̀wé tèmi, pé ìdajì tó kù kò ní í pé títí a ó fi gba ẹ̀rí tán. A ò tíì gba ẹ̀rí ẹnì kan ṣoṣo. Mo pa fáìlì dé, mo lọ mu omi.

Torí náà, ẹ mú àdéhùn náà jáde. Ìgbà wo ni owó pé? Ṣé ó sọ pé ẹ lè yọwọ́ tí wọn ò bá san án? Tí kò bá sọ bẹ́ẹ̀, ẹ ò pàdánù ẹ̀tọ́ yín, ṣùgbọ́n lẹ́tà ìkìlọ̀ yín ló máa ṣe iṣẹ́ tí àdéhùn kò ṣe. Tó bá jẹ́ irú àdéhùn tó jẹ́ pé ìpín nínú ohun tí a bá gbà nílé ẹjọ́ lẹ máa mú, a jẹ́ pé kò tíì jẹ yín ní owó iṣẹ́ kankan. Bóyá owó ìnáwó nìkan lẹ lè bèèrè, tí àdéhùn bá gbé e lé e lórí.

Ẹ wo owó àsansílẹ̀. Tí èérún rẹ̀ bá ṣì wà nínú àkáǹtì tí ẹ fi ń tọ́jú owó oníbàárà, ẹ ò tíì dé ibi tí ẹ ti lè sọ pé ẹ ń ṣiṣẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ wo bíìlì pẹ̀lú. Bíìlì tó kàn sọ pé “owó iṣẹ́ lórí ẹjọ́ yín” láìsọ ohun tí ẹ ṣe àti ọjọ́ tí ẹ ṣe é, oníbàárà lè ní òye òun kò gbé e, adájọ́ sì máa gbà á gbọ́.

Èyí tó ṣe pàtàkì jù nínú gbogbo rẹ̀: ṣé àìlówó ni àbí ìbínú? Ọ̀pọ̀ oníbàárà tó dákẹ́ kò dákẹ́ torí owó. Wọ́n rò pé ẹ ò ṣe tó, tàbí pé iye náà ti pọ̀ jù. Ẹ pè é. Kì í ṣe láti bèèrè owó, kí ẹ kàn bi í pé, “Ṣé nǹkan kan wà nínú iṣẹ́ wa tí kò tẹ́ yín lọ́rùn?” Ìpè yẹn ti yanjú ọ̀rọ̀ fún mi ju lẹ́tà lọ. Lẹ́yìn tí ẹ bá sọ̀kalẹ̀ lórí fóònù, ẹ kọ ohun tí ẹ jọ sọ sínú fáìlì, pẹ̀lú ọjọ́ àti aago.

Lẹ́tà ìkìlọ̀

Tí ìpè kò bá ṣe nǹkan, ó kan lẹ́tà. Lórí rẹ̀ ni gbogbo ohun tó kù máa dúró, torí náà mo máa gbé ọ̀kan kalẹ̀ lódindi. Ẹ pààrọ̀ ọjọ́ àti abala bó bá ṣe bá tiyín mu.

“Alàgbà, ẹ kú iṣẹ́ o.

“Bíìlì mẹ́ta tí mo fi ránṣẹ́ sí yín lórí ẹjọ́ yín, ti ọjọ́ kejì oṣù Kẹta, ọjọ́ kìíní oṣù Kẹrin àti ọjọ́ kẹta oṣù Karùn-ún, kò tíì di sísan. Ẹ̀dà wọn wà pẹ̀lú lẹ́tà yìí. Abala kẹfà nínú àdéhùn wa sọ pé ọjọ́ mẹ́rìnlá lẹ ní láti fi san bíìlì kọ̀ọ̀kan.

“Mo bẹ̀ yín, ẹ san án, tàbí kí ẹ pè mí kí a fẹnu kò lórí bí ẹ ó ṣe máa san án, kó tó di ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù Kẹfà. Tí ọjọ́ náà bá kọjá tí mi ò gbọ́ ohunkóhun, màá bẹ ilé ẹjọ́ pé kó gbà mí láyè láti yọwọ́ nínú ẹjọ́ yín.

“Ẹjọ́ náà ṣì ń lọ. Ọjọ́ kẹjọ oṣù Keje ni gbèdéke láti fi ìwé ẹ̀rí àwọn ẹlẹ́rìí sílẹ̀. Ọjọ́ kẹrìnlá oṣù Kẹsàn-án ni ìgbẹ́jọ́ máa bẹ̀rẹ̀. Títí ilé ẹjọ́ fi máa tú mi sílẹ̀, màá máa ṣe ohun tí ẹjọ́ bá ń fẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í wá agbẹjọ́rò mìíràn láti ìsinsìnyí. Tí ọ̀rọ̀ bá jẹ́ ti àìlówó, ẹ lè bèèrè bóyá ẹ kúnjú òṣùwọ̀n fún ìrànwọ́ òfin ọ̀fẹ́.”

Ẹ wo ohun tí lẹ́tà yìí ṣe. Ó sọ iṣẹ́ tó fẹ́ kí oníbàárà ṣe, ó sọ ọjọ́ kan pàtó, ó sọ ohun tó máa ṣẹlẹ̀ tí ọjọ́ náà bá kọjá. Ó tún kó gbèdéke ẹjọ́ fún un, kó má bàa sọ lọ́la pé òun kò mọ̀. Kò bú u, kò sì halẹ̀ mọ́ ọn. Ọ̀rọ̀ rere ní ń yọ obì lápò. Ẹ má kọ gbólóhùn bí “ẹ jẹ́ mọ̀ pé láìsí mi ẹjọ́ yín ti bàjẹ́”. Adájọ́ lè ka lẹ́tà náà lọ́jọ́ kan, ìhàlẹ̀ ló máa rí níbẹ̀, kì í ṣe gbèsè.

Ẹ fi ránṣẹ́ sí gbogbo ibi tí ẹ mọ̀: àdírẹ́sì tó wà nínú àdéhùn, ímeèlì, WhatsApp náà tó bá jẹ́ ibẹ̀ lẹ ti máa ń bá ara yín sọ̀rọ̀. Ẹ pa ẹ̀rí mọ́ pé ó dé. Tí oníbàárà bá jẹ́ ilé iṣẹ́, ẹ má fi fún akọ̀wé tó wà lẹ́nu ọ̀nà nìkan. Ẹni tó lè pàṣẹ owó ló yẹ kó gbà á.

Ìkìlọ̀ máa ń ṣá. Tí ẹ bá fi ọjọ́ kẹtàdínlógún sí i, tí ẹ wá ń bá iṣẹ́ lọ fún oṣù mẹ́rin láìsọ nǹkan kan, oníbàárà lẹ́tọ̀ọ́ láti rò pé ẹ ti gbójú fò ó. Ẹ kọ òmíràn kí ẹ tó lọ sílé ẹjọ́.

Àsìkò ni adájọ́ máa kọ́kọ́ wò

Ẹjọ́ tó ṣàlàyé ọ̀rọ̀ àsìkò dáadáa jù tí mo mọ̀ ni R v Cunningham, tí Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ ní Kánádà dá lọ́dún 2010. Agbègbè Yukon ni ọ̀rọ̀ náà ti wá. Iléeṣẹ́ ìrànwọ́ òfin ló ń sanwó fún agbẹjọ́rò olùjẹ́jọ́ nínú ẹjọ́ ọ̀daràn kan. Wọ́n dá owó dúró nítorí olùjẹ́jọ́ kò mú àlàyé tuntun wá nípa bí àpò rẹ̀ ṣe rí. Agbẹjọ́rò fẹ́ yọwọ́, adájọ́ kọ̀. Ilé ẹjọ́ gíga náà sọ pé adájọ́ ní agbára láti kọ̀, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ lò ó lọ́pọ̀ ìgbà. Kìkì nígbà tí yíyọwọ́ bá máa ṣe ìpalára ńlá fún iṣẹ́ ìdájọ́ fúnra rẹ̀.

Ọ̀nà tí wọ́n là sílẹ̀ rọrùn láti tẹ̀ lé, kódà fún ẹni tí kò sí ní Kánádà. Tí agbẹjọ́rò bá wá ní kùtùkùtù, tí yíyọwọ́ rẹ̀ kò ní mú kí wọ́n sún ẹjọ́ síwájú, kí adájọ́ jẹ́ kó máa lọ, kò tilẹ̀ yẹ kó bi í ní ìdí. Tí ọjọ́ bá ti sún mọ́lé, adájọ́ lè bi í bóyá ọ̀rọ̀ ìwà iṣẹ́ (ohun tó jẹ mọ́ òfin ìwà àwọn lọ́yà) ni àbí ọ̀rọ̀ owó. Tó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ ìwà iṣẹ́, ó gbọ́dọ̀ jẹ́ kó lọ. Tó bá jẹ́ owó, ìgbà yẹn ni òṣùwọ̀n jáde. Ṣé olùjẹ́jọ́ lè dá gbẹnu sọ fún ara rẹ̀? Ṣé ó lè rí ẹlòmíràn? Kí ni ìdádúró máa ṣe fún un, pàápàá tó bá wà látìmọ́lé? Kí ló máa ṣe fún àwọn tí wọ́n jọ ń jẹ́jọ́, àwọn ẹlẹ́rìí, ẹni tí wọ́n ṣẹ̀? Ṣé agbẹjọ́rò kìlọ̀ fún oníbàárà lásìkò? Báwo ni ẹjọ́ tó kù ṣe gùn tó, ṣé ó tọ́ kí agbẹjọ́rò ru gbogbo rẹ̀ láìgbowó? Ṣé olùjẹ́jọ́ yìí ti ń pààrọ̀ agbẹjọ́rò bí ẹni pààrọ̀ aṣọ?

Ẹ rí i pé àkókò ló gba agbẹjọ́rò lọ́wọ́ gbogbo ìbéèrè yẹn. Ẹ̀bẹ̀ kan náà tó gba ìṣẹ́jú márùn-ún ní oṣù mẹ́rin sí ìgbẹ́jọ́ lè di ìjà ní ọjọ́ mẹ́rin sí i. Nítorí náà, ẹ gbé ọjọ́ gbèdéke lẹ́tà yín sí ibi tí àyè ṣì máa wà lẹ́yìn rẹ̀. Tí ẹ bá rí i pé gbèdéke ńlá kan ti sún mọ́, bí ìgbà tí àkókò àtipẹjọ́ tàbí àtipe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn fẹ́ tán, ẹ ṣe ìyẹn ná kí ẹ tó bẹ̀bẹ̀. Ó dun ni, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀tọ́ tó bá kú sọ́wọ́ yín, ẹ̀yin ni wọ́n máa mú fún un.

Ohun tó yẹ kó wà nínú ìwé ẹ̀bẹ̀, àti èyí tí kò yẹ

Ibí ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣubú, inú rere kọ́ ló sì ń bì wọ́n ṣubú, ìbínú ni. Lọ́yà jókòó láti kọ ìwé ìbúra, gbogbo ohun tó wà níkùn rẹ̀ tú jáde: “Olùjẹ́jọ́ kò ní owó kankan mọ́, ó ti sọ fún mi pé òun fẹ́ ta ilé, ó tún ń purọ́ fún mi lórí ọjọ́ tí òun máa san án.” Alátakò ka ìwé kan náà. Ó ti mọ̀ báyìí pé ẹni tí òun ń bá jà kò lówó, pé ilé fẹ́ di títà, pé lọ́yà rẹ̀ pè é ní òpùrọ́. Ìjíròrò lórí ìparí ẹjọ́ náà ti bàjẹ́ títí láé.

Àṣírí oníbàárà kò parí torí pé kò sanwó. American Bar Association kọ ìmọ̀ràn kan sílẹ̀ lórí gan-an ọ̀rọ̀ yìí ní oṣù Kejìlá 2016, Formal Opinion 476. Kókó rẹ̀ ni pé kí lọ́yà kọ́kọ́ sọ díẹ̀. Tí adájọ́ bá ní òun fẹ́ mọ̀ sí i, kí lọ́yà gbìyànjú láti fún un lésì láìtú àṣírí. Tí adájọ́ bá tún ta kú, kí ó sọ ìwọ̀n tó pọn dandan nìkan, kó sì bẹ̀ pé kí adájọ́ gbọ́ ọ ní kọ̀rọ̀ tàbí kí wọ́n pa ìwé náà mọ́ lábẹ́ èdìdì.

Torí náà, gbólóhùn àkọ́kọ́ yín kò ju báyìí lọ: “Àwọn ìdí tó jẹ mọ́ ìlànà iṣẹ́ wa mú kó di dandan fún mi láti bẹ ilé ẹjọ́ pé kí n yọwọ́. Mo ti fi lẹ́tà sọ fún oníbàárà mi lọ́jọ́ kẹta oṣù Kẹfà, mo sì ti gbà á nímọ̀ràn pé kó wá agbẹjọ́rò mìíràn.” Ẹ fi gbèdéke ẹjọ́ tó kù sí i, àti àdírẹ́sì tí wọ́n lè fi ìwé ránṣẹ́ sí oníbàárà, tí òfin ilé ẹjọ́ ibẹ̀ bá bèèrè rẹ̀. Bíìlì, lẹ́tà àti àkọsílẹ̀ ìpè fóònù, ẹ kó gbogbo wọn sínú àpò yín, ẹ má so wọ́n mọ́ ìwé ìbúra àyàfi tí wọ́n bá ní kí ẹ mú wọn wá.

Ẹ fún oníbàárà ní ẹ̀dà ìwé ẹ̀bẹ̀ náà. Ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òfin ìlànà ẹjọ́ 42.3 fẹ́ kí wọ́n fi tó oníbàárà létí, kí ẹ̀rí sì ti ẹ̀bẹ̀ náà lẹ́yìn. Ibi mìíràn kò yàtọ̀ púpọ̀. Lọ́jọ́ náà, ẹ lọ fúnra yín. Ẹ má rán ọmọṣẹ́ tí kò mọ ìtàn fáìlì. Adájọ́ á bi í ní ìbéèrè kan, á sì sọ gbogbo ohun tí ẹ ò fẹ́ kó sọ.

Tí adájọ́ bá ní kí ẹ jókòó

Ẹ máa bá iṣẹ́ lọ. 1.16(c) nínú Model Rules sọ ọ́ láìfi bò: tí ilé ẹjọ́ bá pàṣẹ kí lọ́yà dúró, ó gbọ́dọ̀ dúró, kódà tó bá ní ìdí tó dára láti lọ. Iṣẹ́ àṣedójú àmì ni ó sì gbọ́dọ̀ jẹ́, kò sí iṣẹ́ ìdajì fún oníbàárà tó jẹ gbèsè.

Ẹ lè gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sókè. Nínú Brandon v Blech lọ́dún 2009, ilé ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn ti agbègbè kẹfà ní Amẹ́ríkà yí àṣẹ adájọ́ kan padà tó kọ̀ láti tú ilé iṣẹ́ amòfin sílẹ̀ lọ́wọ́ àwọn tó jẹ wọ́n ní gbèsè ńlá nínú ẹjọ́ aláìjẹmọ́ ọ̀daràn. Èyí tó jọ ọ́ ti wáyé ní ti agbègbè keje lọ́dún 2002, nínú Fidelity National Title v Intercounty National Title. Àmọ́ ìkìlọ̀ kan wà nínú ìrònú àwọn adájọ́ yẹn: lọ́yà tó dúró títí ọ̀bẹ fi dé ọrùn oníbàárà kó tó bèèrè owó, kó má retí àánú.

Tí oníbàárà bá jẹ́ kọ́ńpìnnì, ẹ mọ̀ pé adájọ́ máa rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ní ilé ẹjọ́ ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà, kọ́ńpìnnì kò lè gbẹnu sọ fún ara rẹ̀, agbẹjọ́rò ló gbọ́dọ̀ ṣe é. Ẹ bẹ adájọ́ pé kó tú yín sílẹ̀, kó sì fún kọ́ńpìnnì náà ní ọjọ́ kan pàtó láti mú ẹlòmíràn wá.

Fáìlì àti èérún owó

Wọ́n ti tú yín sílẹ̀. Owó àsansílẹ̀ tí ẹ ò tíì ṣiṣẹ́ lé lórí, ẹ dá a padà. Ọ̀rọ̀ yìí wà nínú 1.16(d) ti Model Rules, ó sì wà nínú Òfin 21 ti 2007 ní Nàìjíríà tí mo mẹ́nu bà lókè.

Ti fáìlì ló nira. Òfin àtijọ́ gbà fún lọ́yà láti di ìwé oníbàárà mú títí wọn ó fi sanwó, ṣùgbọ́n agbára yẹn kò tó bí ọ̀pọ̀ ṣe rò. Nínú Gamlen Chemical v Rochem, ilé ẹjọ́ Gẹ̀ẹ́sì fi hàn pé sọ̀lísítọ̀ tó jẹ́ òun fúnra rẹ̀ ló yọwọ́ láàárín ẹjọ́ máa ń ní láti kó ìwé fún sọ̀lísítọ̀ tuntun kí ẹjọ́ má bàa dúró, tí ẹni tuntun náà bá ṣèlérí pé òun máa tọ́jú wọn, òun á sì dá wọn padà. Àwọn ibi kan ní Amẹ́ríkà kò tilẹ̀ gba dídi fáìlì mú rárá. Ìmọ̀ràn mi: ẹ ṣe ẹ̀dà fún ara yín, ẹ kó fáìlì fún un, kí ẹ gba ìbuwọ́lùwé. Fáìlì tó wà nínú àpótí mi kò tíì san bíìlì kankan fún mi rí.

Gbèsè tí wọ́n jẹ yín

Gbèsè náà kò parí torí pé ẹ yọwọ́, ẹ lè pẹjọ́ fún un. Lábẹ́ Legal Practitioners Act ti Nàìjíríà, abala 16, ẹ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fi bíìlì tó to àwọn iṣẹ́ pàtàkì lẹ́sẹẹsẹ jíṣẹ́ fún oníbàárà, kí oṣù kan sì kọjá, kí ẹ tó lè gbé e lọ sílé ẹjọ́. Ibòmíràn ní ìlànà tirẹ̀, ẹ wò ó kí ẹ tó gbéra.

Ẹ rò ó dáadáa ṣá o. Oníbàárà tí ẹ bá pè lẹ́jọ́ nítorí owó, ohun àkọ́kọ́ tó máa sọ ni pé ẹ ò ṣiṣẹ́ náà dáadáa, á sì pẹjọ́ padà. Tí gbèsè náà bá kéré, mo máa ń jẹ́ kó lọ.

Tó bá mú ìdajì wá láàárọ̀ ọjọ́ náà

Ó máa ń ṣẹlẹ̀ ju bí ẹ ṣe rò lọ. Ẹ̀bẹ̀ yín fẹ́ di gbígbọ́ ní aago mẹ́sàn-án, oníbàárà dé ní aago mẹ́jọ àbọ̀ pẹ̀lú ìdajì owó nínú àpò ìwé, ojú ń tì í. Ẹ gba owó náà, ẹ kọ rìsíìtì fún un níbẹ̀ gan-an, lórí bẹ́ǹṣì ìta kóòtù. Kí ẹ wá bi í bóyá ó fẹ́ kí ẹ dúró, báwo sì ni ìdajì kejì ṣe máa wá. Tí ìdáhùn rẹ̀ bá ní ọjọ́ nínú, ẹ kọ ọ́ sẹ́yìn rìsíìtì yẹn, kí ẹ̀yin méjèèjì buwọ́ lù ú, kí ẹ wọlé lọ sọ fún adájọ́ pé ẹ ti fa ẹ̀bẹ̀ yín sẹ́yìn. Tí kò bá ní ọjọ́ nínú, ẹ sọ fún un kí ẹ tó wọlé pé ẹ̀bẹ̀ náà ṣì dúró, kó má jẹ́ inú kóòtù ni yóò ti gbọ́ ọ.